“Ènìyàn Ìgbà Rẹ̀ Ni”: Àwíjàre Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀ Nípa Thomas Carlyle

Àwíjàre kan wà tí ó ti di àgbà láàrin àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní lítíréṣọ̀ àti ìtàn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí èébú nínú iṣẹ́ òǹkọ̀wé olókìkí kan láyé àtijọ́, tí ó sì na ọwọ́ sókè láti béèrè ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ìwé ọlọ́gbọ́n, olùkọ́ a wú ikọ́ díẹ̀, a sì ní, “Ènìyàn ìgbà rẹ̀ ni; bí gbogbo wọn ti ń rò nìyẹn láyé ìgbà náà.” Akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó, ẹ̀kọ́ a tẹ̀ síwájú, gbogbo ilé a sì tòrò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí. Ó jọ ọ̀rọ̀ àgbà, ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ń ṣe ìpalára ni pẹ̀lú, nítorí pé ó ń pa ọ̀pọ̀ òkú lẹ́nu mọ́ kí ó lè gba òkú kan ṣoṣo sílẹ̀.

Kò sí ìgbà kan tí ó ní ọkàn kan ṣoṣo. Ẹnìkan ní í kọ ìwé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní í kà á, àwọn tí ó kà á náà sì jẹ́ ènìyàn ìgbà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ọ́. Bí wọ́n bá bínú sí i, tí wọ́n kọ̀wé dá a lóhùn, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dojú ohun tí ó ń wí bolẹ̀, a jẹ́ pé ìgbà rẹ̀ gan-an ni ó dá a lẹ́bi, kì í ṣe àwọn tí a bí lẹ́yìn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Olùkọ́ tí ó ka ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé sí ọmọ létí, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ èsì àwọn òǹkàwé rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́ dá.

Thomas Carlyle wà lára àwọn tí a máa ń fi gbólóhùn yìí gbèjà jù lọ, nítorí náà òun ni ó yẹ kí a fi dán an wò. A bí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1795 ní abúlé Ecclefechan ní gúúsù ilẹ̀ Skọ́tílándì. Iṣẹ́ òkúta kíkọ́ ilé ni baba rẹ̀ ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ṣe olùkọ́ ní Annan àti ní Kirkcaldy kí ó tó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì fi í pamọ́ pé òun kórìíra rẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ tí ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe kì í sábà rántí. Nígbà tí ìwé rẹ̀ Sartor Resartus ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Fraser's Magazine ní 1833 àti 1834, àwọn tí ń sanwó fún ìwé ìròyìn náà fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní odidi ìwé, ní ìlú Boston ní 1836, Ralph Waldo Emerson ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ní 1837 ni ìwé rẹ̀ lórí ìdìtẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé jáde, láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Ìtàn tí a ń sọ nípa ìwé yìí, pé apá kìíní rẹ̀ tí a fi ọwọ́ kọ jóná ní 1835 níbi tí ó wà ní ìkáwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí Carlyle sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àlọ́. Ọ̀rẹ́ náà ni John Stuart Mill. Kí òǹkàwé fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn tí ó fẹ́ràn Carlyle nígbà náà jẹ́ òpè. Ní 1839 àti ní 1843, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìlú Ọba ń jìyà, tí àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń fi ojú fo ìyà náà, Carlyle bá àwọn alágbára wí ní gbangba, ó ní owó nìkan kò tó láti so ènìyàn pọ̀ mọ́ ènìyàn. Friedrich Engels yìn ín fún èyí ní 1844. Charles Dickens fi ìwé rẹ̀ Hard Times jìn ín ní 1854. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1906, nígbà tí ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé ìwé wo ni ó là wọ́n lójú, orúkọ Carlyle kò gbẹ́yìn. Keir Hardie, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú láti kékeré, ti ka Sartor Resartus ní ọ̀dọ́. Irú ọkùnrin báyìí ni Carlyle: ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú, tí àwọn tálákà gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣe ní 1849 fi dun àwọn òǹkàwé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1834 ni òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 1838 ni àwọn ẹrú àná sì bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ètò tí ó ṣì so wọ́n mọ́ olówó wọn. Láti ìgbà náà, olóko ìrèké tí ó bá fẹ́ kí a bá òun ṣiṣẹ́ ní láti sanwó tí òṣìṣẹ́ yóò gbà. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó rí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá oko tiwọn, wọ́n ń gbin oúnjẹ, wọ́n ń kọ́lé sí abúlé tiwọn. Ní 1846, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti mú ààbò tí ó wà lórí ṣúgà àwọn erékùṣù náà kúrò, ọjà àwọn olóko sì bàjẹ́. Wọ́n kígbe pé ọ̀lẹ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó fà á. Carlyle gbọ́ igbe yìí, ó sì gbà á gbọ́ láìwádìí. Ní oṣù Kejìlá 1849 ó gbé àròkọ kan jáde nínú Fraser's Magazine, ó fi àwọn ènìyàn dúdú Jàmáíkà hàn bí ẹni tí ó jókòó ti elégédé, tí ó jẹun yó, tí kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí a fi pàṣán lé e lọ sí oko, àti pé a dá wọn láti máa sin òyìnbó tí ó gbọ́n jù wọ́n lọ ni.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ó fi gbé e kalẹ̀. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ṣe é bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ ní ìpàdé ni, tí akọ̀ròyìn kan kọ sílẹ̀ kí ó tó sá lọ, tí onílé akọ̀ròyìn náà sì tà láti fi rí owó ilé rẹ̀ gbà. Nítorí ìbòjú yìí ni àwọn agbèjà rẹ̀ fi ń sọ pé àwàdà lásán ni. Ó dára. Bí ó bá jẹ́ àwàdà, kí ni ó dé tí ó fi tún un tẹ̀ ní ìwé pélébé ní 1853, tí ó sì pa orúkọ rẹ̀ dà sí èyí tí èébú inú rẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ? Aláwàdà kì í padà ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà wá fi ìṣó kan àwàdà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Oṣù kan ni ọfà náà fi yọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1850, nínú ìwé ìròyìn kan náà, Mill dáhùn. Mill tí ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jóná lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1835, tí ó ní ìdí gbogbo láti dákẹ́ nítorí gbèsè ọkàn, kò dákẹ́. Ó kọ lẹ́tà sí olóòtú, ó fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, D, ṣe àmì orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tú àròkọ náà palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹrù olè.

Ohun tí Mill sọ yẹ kí olùkọ́ mọ̀ dáadáa, nítorí pé kì í ṣe ìbínú nìkan ni. Carlyle ti pe ìfẹ́ alágbára ní òfin Ọlọ́run. Mill fi hàn pé òfin alágbára lásán ni, òfin tí àwọn ènìyàn rere ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́. Carlyle ti gbé iṣẹ́ ga bí òrìṣà. Mill béèrè pé iṣẹ́ fún kí ni, àti fún ta ni. Ó ní iṣẹ́ kò níyì nínú ara rẹ̀ bí kò ṣe nítorí ohun tí a ń fi í ṣe, àti pé bí iṣẹ́ bá jẹ́ gbèsè, gbogbo ènìyàn ni ó jẹ ẹ́, àti olóko tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ó ń náwó ìrèké. Lẹ́yìn náà ni ó wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó kọ̀ láti gbà pé bí ìran kan bá yàtọ̀ sí òmíràn lónìí, inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Igi méjì lè ti inú irú kan náà hù kí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a gbìn wọ́n sí, òjò tí ó rọ̀ sí wọn àti ẹran tí ó jẹ wọ́n. Ó rán Carlyle létí pé ọ̀làjú Íjíbítì ni ó ṣáájú àwọn tí a mọ̀, ó ní ìran dúdú ni àwọn tí ó dá a sílẹ̀, àti pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará Gíríìkì ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ní 1850 ni Mill kọ èyí, kì í ṣe lẹ́yìn òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà. Ta wá ni ènìyàn ìgbà náà? Carlyle ni àbí Mill?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní bóyá Carlyle kò rí ẹ̀rí, ẹ̀rí wà ní ìlú tí ó ń gbé. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni a ti tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kó jọ ní 1843, Crowther tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822. Lọ́dún tí Carlyle ń kọ̀wé pé a dá ìran dúdú fún ìsìnrú, Crowther wà ní Abẹ́òkúta, ó ń túmọ̀ Bíbélì.

Níbi yìí, ọ̀rọ̀ kan kan àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Gbogbo wọn ni ó mọ ìnagijẹ tí ó pe ìmọ̀ náà ní ìmọ̀ tí kò láyọ̀, ọ̀pọ̀ a sì máa sọ fún ọmọ pé nítorí ìwé Malthus lórí iye ènìyàn àti oúnjẹ ni a ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àròkọ 1849 yìí gan-an ni ìnagijẹ náà ti kọ́kọ́ jáde. Ohun tí Carlyle fi bú àwọn onímọ̀ náà ni pé wọ́n ní kí a fi ènìyàn dúdú sílẹ̀ kí ó ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní iye tí ó bá wù ú, bí òyìnbó ti ń ta tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìnagijẹ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn ọmọ dúdú láìmọ ibi tí ó ti wá ń fi ohùn rẹ̀ gbe olóko ìrèké.

Mill ti sọ tẹ́lẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn olówó ẹrú ní Amẹ́ríkà yóò fi ọ̀rọ̀ Carlyle ṣe ohun ìjà. Kò pẹ́ tí ó fi ṣẹ. Kí ọdún 1850 tó parí, De Bow's Review, ìwé ìròyìn àwọn olóko ní New Orleans, ti tún àròkọ náà tẹ̀. George Fitzhugh, ẹni tí ó gbèjà oko ẹrú ju gbogbo wọn lọ, fi Carlyle ṣe ọ̀gá nínú ìwé tí ó kọ ní 1854 àti èyí tí ó kọ ní 1857. Ní ọ̀nà kejì, John Greenleaf Whittier, akéwì tí ó kórìíra oko ẹrú, kọ àròkọ tirẹ̀ láti fi ìbànújẹ́ rẹ̀ hàn sí ẹni tí ó ti ń bọ̀wọ̀ fún. Engels tí ó yìn ín ní 1844 náà yí padà: òun àti Karl Marx fi ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìwé pélébé tí Carlyle kọ ní 1850. Carlyle kò gbọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jó lọ ní 1863, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó kọ àwàdà kúkúrú kan nínú Macmillan's Magazine bí ẹni pé àríyànjiyàn lórí bóyá ọdọọdún tàbí títí ayé ni a ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Jàmáíkà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ikú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1865, Paul Bogle kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́ Morant Bay. Àwọn ológun ìlú yìnbọn, ìjà bẹ́, a dáná sun ilé ẹjọ́, a sì pa ènìyàn bí 18 nínú àwọn aláṣẹ àti àwọn ológun náà. Gómìnà Edward Eyre kéde òfin ológun. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ní 1866 rí i pé ènìyàn 439 ni a pa, ó lé ní 600 tí a nà ní pàṣán, ilé 1,000 ni a sì jó. George William Gordon, ọmọ ẹgbẹ́ aṣòfin, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, wà ní Kingston níbi tí òfin ológun kò dé. Eyre mú un, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Morant Bay, a sì so ó kọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá. Mill di olórí ìgbìmọ̀ tí ó fẹ́ kí a fa Eyre lọ sí ilé ẹjọ́ fún ìpànìyàn. Charles Darwin, Thomas Huxley, Herbert Spencer àti John Bright wà pẹ̀lú rẹ̀. Carlyle jókòó sí ipò olórí ìgbìmọ̀ tí ń gba owó láti gbèjà Eyre. Ruskin, Dickens, Tennyson àti Kingsley wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹni tí ń wí pé gbogbo wọn ni ó ń rò bẹ́ẹ̀ ka orúkọ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kejì. Ìlú kan, ọdún kan, irú ẹ̀kọ́ kan, síbẹ̀ ọ̀nà méjì. Ìhà Carlyle kò kéré, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́. A kò dá Eyre lẹ́bi, àwọn ìgbìmọ̀ tí ó yẹ kí ó fà á lé adájọ́ lọ́wọ́ kọ̀ ní 1868. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yan ọ̀nà kan nígbà tí ọ̀nà méjì ṣí sílẹ̀, ó yàn án ni. A kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru kàlẹ́ńdà.

Carlyle kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1881. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, James Anthony Froude, kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láàrin 1882 àti 1884, àwọn òǹkàwé ní Ìlú Ọba sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí bí ó ṣe lo ìyàwó rẹ̀, ju bí wọ́n ti jiyàn lórí bí ó ṣe fẹ́ lo Jàmáíkà lọ. Froude yìí ni ó wá lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn erékùṣù náà, tí ó sì gbé ìwé jáde ní 1888 pé àwọn ènìyàn dúdú kò lè ṣàkóso ara wọn láéláé. Ohùn Carlyle ni, ẹnu Froude ni ó ti jáde.

Ẹni tí ó dáhùn lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. John Jacob Thomas ni, olùkọ́ ilé ìwé abúlé ní Trinidad, ọmọ àwọn tí ó ti ṣe ẹrú, tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀. Ní 1869 ó ti kọ́kọ́ kọ gírámà èdè tí àwọn ará Trinidad ń sọ lẹ́nu, èdè tí àwọn ọ̀gá ń pè ní èdè bíbàjẹ́. Ìlú tirẹ̀ wà lára ibi tí a kó ọ̀pọ̀ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lọ lẹ́yìn 1838, tí Ṣàngó wọn kò sì kú síbẹ̀ títí di òní. Thomas ka ìwé Froude láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tọ́ka sí irọ́ rẹ̀ ní ojú ewé dé ojú ewé, ó fi hàn pé orí àga ilé àwọn òyìnbó àti ojú fèrèsé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni ọkùnrin náà ti wo àwọn tí ó ń dá lẹ́jọ́. Ó so orúkọ Froude pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí àfojúdi, ó fi ṣe orúkọ ìwé: Froudacity. Ó jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1889. Ọdún náà ni Thomas kú sí ìlú náà.

Àwọn kan yóò ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a gbé Carlyle sọ sí ààtàn. Èyí náà kò tọ́. W. E. B. Du Bois kà á ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì kọ́ bí a ti ń fi agbára sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìgba ìkórìíra rẹ̀. Gandhi ka ohun tí ó kọ nípa Ànábì Muhammad nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn akọni, ó sì jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà lórí àwọn akọni ni ó mú kí Herbert Grierson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, gbé orúkọ Carlyle sí ẹ̀gbẹ́ ti Hitler ní 1933; ní 1945, bí Berlin ti ń wó lulẹ̀, ìtàn Frederick tí Carlyle kọ ni Goebbels ń kà sí Hitler létí. Ẹni tí ó bá gbé e sọnù kò ní lè sọ fún ọmọ bí ọwọ́ kan náà ti ṣe kọ ohun tí ó gbé Keir Hardie dìde àti ohun tí ó tu Hitler nínú.

Ohun tí ó burú ni ìwé àyọkà tí ó mú Carlyle orí iṣẹ́ àti orí akọni nìkan, tí ó sì fi 1849 sílẹ̀, tàbí olùkọ́ tí ó kan 1849 tí ó sì fi gbólóhùn kan bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́tà Mill kò gùn. Wákàtí ẹ̀kọ́ méjì tó láti kà á kí akẹ́kọ̀ọ́ sì jiyàn lórí rẹ̀. Eric Williams, ẹni tí ó darí Trinidad dé òmìnira, fi Carlyle àti Froude sí àárín ìwé tí ó kọ ní 1964 lórí àwọn òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì. Froudacity náà kò sọnù: ilé ìtẹ̀wé New Beacon ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tún un tẹ̀ ní 1969, C. L. R. James, ọmọ Trinidad bíi Thomas, ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Tábìlì tí ó gba Carlyle yóò gba àwọn yìí náà.